Ẹ Yé Fi Ọmọ Pamọ́ Sí Ọ́fíìsì Ẹbí

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tó wà ní Kàdúná, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú wa, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ a máa korò bí jogbo. Ẹ fara dà á fún mi.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Kaduna Polytechnic àti ní àwọn iléèwé mìíràn máa ń jáde lọ ṣe IT, ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ poli. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́, kó má jẹ́ orí ìwé nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwa òbí ń ṣe? A ó pe ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní mínísítírì: “Ẹ bá mi gba ọmọ yìí sọ́dọ̀ o.” Ọmọ á débẹ̀, á máa ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún ọ̀gá, á máa gbé fáìlì kiri, ọ̀gá á sì buwọ́ lu ìwé logbook rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Wọ́n ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ èmi náà rí, mo sì ti buwọ́ lùwé. Mo jẹ̀bi.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan láàárín wa rí àyè ní ọ́fíìsì alukoro ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Kí ni ẹni tó kọ́ ìròyìn mọ̀ nípa adìẹ?” Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo wà ní poli, ọ́fíìsì alukoro ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri ni mo ti ṣe IT tèmi. Yàtọ̀ sí òwú tí màmá mi fi ń ránṣọ, n kò mọ nǹkan kan nípa òwú. Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n ní kí n kọ ìròyìn kékeré kan sára pátákó ìkéde. Mo rí “grey cloth” nínú ìwé wọn, mo bá kọ ọ́ pé aṣọ aláwọ̀ eérú ni a ń hun jù. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ẹ̀rọ bọ́, tí wọn kò tíì fọ̀ kó funfun, tí wọn kò tíì rẹ láró, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀!

Bàbá Haúsá kan tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ló fà mí lọ́wọ́, ló mú mi rìn láti ibi tí wọ́n ti ń tú òwú títí dé ibi tí wọ́n ti ń di aṣọ. Haúsá tí mo gbọ́ ní Tudun Wada ló gbà mí. Kó tó pé oṣù kan, wọ́n ti ń rán mi sí àwọn ará àdúgbò tó ń ráhùn nípa omi aró tó ń ṣàn jáde. Mo mọ èsì tí mo lè fún wọn, nítorí mo ti rí ibi tí omi náà ti ń wá. Mo sì mọ ẹ̀dùn ọkàn tó yẹ kí n gbé padà lọ bá ọ̀gá. Iṣẹ́ alukoro nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu dídùn. Iṣẹ́ tó ní òfin ni: òfin ọdún 1990 ló fún ẹgbẹ́ NIPR láṣẹ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, àìmọ̀ kì í ṣe àléébù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí àlejò ń béèrè ni ará ìlú náà ń béèrè. Dídíbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ni àléébù. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ta ló sì yẹ fún iṣẹ́ yìí ní Kàdúná ju ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, Haúsá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé? Ẹ rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn nípa ìdíje Miss World ló dáná ìjà sílẹ̀ nílùú yìí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọmọ tó dàgbà sí àárín wa mọ ọ̀rọ̀ tó lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, “Ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń sọ dà?” Lóòótọ́, Kaduna Textiles tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 kógbá sílé ní 2002. UNTL náà tilẹ̀kùn ní 2007, kó tó tún ṣí ní 2010. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ Olam ṣí ní 2017. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí ọmọ kọ́ bí a ṣe ń wọ iṣẹ́ tí a kò mọ̀: èyí tó mọ̀ lónìí lè má sí lọ́la.

Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ ń pani lára, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kì í sì í fún ọmọ IT ní kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ wa ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún owó ọkọ̀ àwọn ọmọ yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà láàárín wa, ẹ yé rán wọn ní búrẹ́dì. Àti ìwọ bàbá ọmọbìnrin yẹn, àyè míì lè ṣí lọ́dún tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, jẹ́ kó lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe jù wá lọ. Àṣẹ.