Kí Eléré Ìdárayá Tó Sáré, Kí Ó Kọ́kọ́ Yẹ Ọkàn Rẹ̀ Wò

Ní etí adágún omi Jabi ní ìlú Àbújá, àṣà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni láti máa sáré ní òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Àṣà rere ni, nítorí ìlera loògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù tó so okùn bàtà rẹ̀, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: ìgbà wo ni ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru gbẹ̀yìn?

Hakeem Olajuwon, ọmọ bíbí Èkó, gba bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jẹun ní Amẹ́ríkà láti 1984 títí di 2002. Òun ni ó ṣíwájú ikọ̀ Houston Rockets tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 1994 àti 1995. Síbẹ̀, ní 1996, ọkàn akọni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sórí pápá. Ní 2001, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ àwọn oníṣègùn náà ni ó tún wà.

Ti Samuel Okwaraji kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, agbábọ́ọ̀lù ẹni ọdún 25 yìí ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà figagbága, ó sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lóòótọ́, àìsàn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ìtàn wọn fi kọ́ni ni pé agbára kì í ṣe ẹ̀rí ìlera. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ènìyàn lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀, nítorí kì í sábà dunni.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀ ń gbà. Bí ó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ó yẹ kí a rí dókítà. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ bí ó bá ń sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan kú lójijì ní ọ̀dọ́, nílò àyẹ̀wò ọkàn gan-an.

Nítorí náà, kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kankan gba ọ̀dọ́ sórí pápá láìṣe àyẹ̀wò fún un. Owó àyẹ̀wò kò tó owó ìsìnkú.