Ta Ni Ìwé Èsì Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìgbèríko Ń Wọ̀n?

Ẹ̀yin òbí wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ dókítà ń gbé kúrò ní Houston àti Chicago lọ sí ìlú kéékèèké tí oko àgbàdo yí ká. Kí a tó di ẹrù, èsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò: ọmọ mélòó nínú 100 ló yege, mélòó ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, mélòó ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí a ń ti ara iye wọ̀nyí ṣe yá jù, àwọn ọmọ wa ló sì ń jìyà rẹ̀.

Òfin tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2002 ló pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa dán àwọn ọmọ kíláàsì kẹta títí dé ìkẹjọ wò lọ́dọọdún nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, kí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́: ẹ̀yà, òṣì, àìlera, ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 2015 tó rọ́pò rẹ̀ kò pa èyí rẹ́. Ohun rere ni, nítorí pé tẹ́lẹ̀ rí, ìṣòro àwọn ọmọ tálákà a máa fara pamọ́ sábẹ́ èsì àwọn ọmọ olówó. Síbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ nìkan kọ́ ni ìdánwò ń wọ̀n. Láti ọdún 1966 ni James Coleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìwádìí lórí ọmọ tó lé ní 600,000, ti fi hàn pé ipò ilé tí ọmọ ti wá lágbára lórí èsì rẹ̀ ju ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Iṣẹ́ mi ń mú mi wọ ilé àwọn ènìyàn, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí onílé lé ìyá rẹ̀ síta ní oṣù kẹta, báwo ni yóò ṣe jókòó ti ìṣirò ní oṣù kẹrin? (Iye oúnjẹ ọ̀fẹ́ pàápàá a máa tanni jẹ: lábẹ́ òfin ọdún 2010, ilé-ẹ̀kọ́ tí òṣì pọ̀ níbẹ̀ lè bọ́ gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ dókítà pẹ̀lú ọmọ alágbàṣe.)

Ní ìgbèríko, àwọn ọmọ kò tún pọ̀. Nínú kíláàsì ọmọ 12, ọmọ kan ṣoṣo lé ní 8 nínú 100. Bí ọmọ méjì tó mọ̀wé bá bá òbí wọn kó lọ kí ìdánwò tó dé, tí méjì tí kò tíì lè kàwé dáadáa sì gba ipò wọn, èsì kíláàsì náà já wálẹ̀ ní nǹkan bí 17 nìyẹn, olùkọ́ kò sì ṣe ohunkóhun.

Ẹ wo Lexington ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ní ọdún 1990, ènìyàn bí 6,600 ló ń gbé ibẹ̀, aláwọ̀ funfun sì ni èyí tó pọ̀ jù lọ. Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ IBP ṣí odò ẹran ńlá kan síbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, ìlú náà ti tó 10,000, àwọn tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó múlé gbè é sì ti tó ìdajì. Àwọn ará Sòmálíà tẹ̀lé wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Tyson, tó ti ra IBP ní ọdún 2001, kéde pé òun yóò ti ibẹ̀ pa ní oṣù kìíní ọdún 2026. Òṣìṣẹ́ bí 3,200 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó bá ka èsì ilé-ẹ̀kọ́ ìlú bẹ́ẹ̀ láìmọ ìtàn yìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò rò pé òun ń kà.

Ìbẹ̀rù ẹgbẹ́ẹgbẹ́ yìí ti wọ inú ilé wa pẹ̀lú, èyí ló sì dùn mí jù. Nígbà tí a bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù kan a máa béèrè èdè tí ọmọ kọ́kọ́ sọ àti èyí tí à ń sọ nílé. Òbí tó ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ a kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan síbẹ̀, kí wọ́n má baà ka ọmọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbédè. Àwọn kan tún ń pa Yorùbá tì nílé, kí fọ́ọ̀mù náà lè di òótọ́! Kí ni a ń sá fún? Ọmọ tó bá yege nínú àyẹ̀wò èdè, kò sí ẹni tí yóò kà á mọ́ wọn. Èyí tí kò bá yege, ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ ló máa rí gbà. Òbí sì lè kọ ìrànlọ́wọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ọdọọdún yóò máa lọ títí ọmọ yóò fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Ẹ wakọ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ bi í pé àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn ní kíláàsì kẹta, níbo ni wọ́n dé ní kíláàsì karùn-ún? Olùkọ́ mélòó ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Wákàtí mélòó ni ọmọ ń lò nínú bọ́ọ̀sì? Ta ni ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìwé kíkà? Bí ó bá dáhùn láìwo ìwé kankan, ẹ fi ọmọ yín síbẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ibòmíràn lọ, ìbáà jẹ́ pé 90 nínú 100 ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń yege.