Físà Nìkan Ni Wọ́n Yọ Kúrò



Àdéhùn ìrìn fàlàlà tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣe ní 1979 yọ físà kúrò fún 90 ọjọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wọ orílẹ̀-èdè Benin lọ́wọ́ òfo, bí àpilẹ̀kọ kan tó jáde nípa Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, ṣe wí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó aláìmọ̀kan sí wàhálà. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá pọn dandan, pẹ̀lú káàdì àjẹsára, ìyẹn ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sí. Kí oníṣòwò tó ń lọ ọjà Dantokpa ní Kútọnu sì dúró gba òǹtẹ̀, torí òun ni ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé. Iṣẹ́ ṣíṣe tún yàtọ̀: ẹni tó fẹ́ gbé Kútọnu ṣiṣẹ́ nílò ìwé ìgbélùú, gẹ́gẹ́ bí àfikún àdéhùn 1986 ṣe là á sílẹ̀.