Ẹ̀jẹ̀ Nìkan Kọ́ Ló Ń Fò

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí akọ ẹṣin warmblood, irú ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún eré ìdárayá, sọ pé ẹṣin tí kò bá ti ìdílé Holsteiner tàbí Hanoverian ti ilẹ̀ Jámánì jáde kò lè fo ọ̀pá gíga débi kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àgàgà níbí ní New York.

Lọ́dún 1956, Harry de Leyer, olùkọ́ ẹṣin gígùn kan, fi 80 dọ́là ra Snowman, ẹṣin oko tí wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìpẹran. Ta ni bàbá rẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹṣin yìí kan náà ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ẹṣin tó ń fò ní National Horse Show ti 1958, nínú Madison Square Garden.

Ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ Ladykiller. Thoroughbred ni, ẹṣin eré ìje láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló bí akọ ẹṣin méjì, Landgraf àti Lord, tí àwọn ará Holstein fi ń yangàn títí dòní. Ẹ̀jẹ̀ àlejò ló wà nínú ohun tí ẹ pè ní ògidì yẹn!

N ò sọ pé ìran ò wúlò o. Ẹni tó bá fẹ́ kí akọ ẹṣin gun abo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ìdílé akọ náà wò dáadáa, kó sì wo ti ìyá pẹ̀lú. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ìdílé ìyá mọ̀ ní Holstein. Síbẹ̀, orúkọ àwọn bàbá nìkan lẹ tò sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yín.

Òǹkàwé yín,
Queens, New York