Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Àánú àti Ìròyìn Arìnrìn-àjò: Ẹ̀kọ́ Tí Kánò Kọ́ Wa

Àwọn àgbà ní àrìnjìnnà ni í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ó dà bí ẹni pé lórí òwe yìí ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-àánú ayé òde-òní gbé àṣà wọn kan kà, èyí tí ó wí pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ti ìrìn-àjò dé yóò dìde ní ìpàdé, yóò sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ Rotary pàápàá, àṣà náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá dé ìlú òkèèrè a máa yà sí ìpàdé àwọn ará ibẹ̀. Wọn a fún un ní àsíá kékeré ti ẹgbẹ́ wọn, òun náà a sì fi ti ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bí ó bá padà délé, àsíá náà ni yóò fi ṣí ọ̀rọ̀.

Kí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré rárá. Ẹlòmíràn a dìde, a sọ bí ọkọ̀ òfuurufú ti rí, bí òtútù ti mú, àti bí oúnjẹ ilé ìtura ti dùn tó; àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, wọn a jẹun, oníkálùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó búra láti sin ọmọ ènìyàn kà á mọ́ iṣẹ́. Ní tiwa, a gbà pé ìròyìn ìrìn-àjò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irin-iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ aláàánú ní, bí ẹni tí ń ròyìn bá lè sọ ohun mẹ́ta: ẹni tí òun bá pàdé, ohun tí ẹni náà wí nípa wa, àti ohun tí ó kù fún wa láti ṣe. Ìjà tí a ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Nàìjíríà ni ẹ̀rí wa, pàápàá jùlọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2003 àti 2004.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a rántí bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905 ni agbẹjọ́rò kan, Paul Harris, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jọ ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí pé wọ́n ń yí ìpàdé náà ká láti ọ́fíìsì ẹnì kan dé ti ẹnì kejì ni wọ́n ṣe sọ ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ní ọdún 1961, kété lẹ́yìn òmìnira wa, ẹgbẹ́ náà ti wà ní Kánò àti ní Èkó. Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí irú nǹkan báyìí. A ti ń ṣe àáró, a ti ń bẹ ọ̀wẹ̀, a sì ti ń dá èésú kí òyìnbó tó dé. Àwọn regbérégbé Ìjẹ̀bú sì ń kó ara wọn jọ di òní olónìí, tí wọ́n ń fi owó àti agbára tún ìlú wọn ṣe. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ẹgbẹ́ ti òde-òní ni pé ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ lè má jẹ́ ará ilé wa, ó lè má gbọ́ èdè wa, ó sì lè má gbà wá gbọ́.

Ní ọdún 1979 ni Rotary dáwọ́ lé iṣẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Filipíìnì. Nígbà tí ó di ọdún 1985, wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn yóò ṣe é fún gbogbo ọmọ ayé. Ní ọdún 1988, àwọn ìjọba tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí a lé àrùn náà kúrò láyé pátápátá. Ní àkókò náà, ó wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 125 lọ, ó sì ń sọ nǹkan bí 350,000 ọmọ di arọ lọ́dọọdún. Ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé, nípa omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí ó bá kó o, ọ̀kan ni yóò rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ó kù yóò máa fi ran ẹlòmíràn láìmọ̀. Bí ó bá ti ṣe ọmọ, kò sí òògùn tí ó lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán òògùn méjì ní ẹnu ọmọ, bí a bá fún un ní iye ìgbà tí ó yẹ, a máa dènà rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti owó àti òògùn nìkan, ìbá ti parí tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ́ Rotary nìkan ti ná ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdajì kejì ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Àríwá, tí Kánò jẹ́ aṣáájú wọn, dá àjẹsára náà dúró. Ìròyìn ti kàn pé wọ́n po ohun tí í sọni di àgàn mọ́ òògùn náà. Àwọn tí ó wà ní Èkó àti Àbújá ní òpè ni àwọn ará Kánò. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá dán òògùn tuntun kan wò lára nǹkan bí 200 ọmọ: apá kan gba òògùn tuntun, apá kejì gba èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ni ó kú nínú apá méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ náà wí pé àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe òògùn òun. Àwọn òbí wí pé a kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn bí ó ti yẹ. Ẹjọ́ náà fà á títí di ọdún 2009 kí wọ́n tó bá ìjọba Kánò parí rẹ̀. Ní ọdún 2003 kan náà ni Amẹ́ríkà tún gbógun ti ilẹ̀ Ìráàkì, tí ọkàn ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì gbọgbẹ́. Èyí tí ó wá rọrùn láti lóye jù ni ìbéèrè tí àwọn ìyá ń bi àwọn òṣìṣẹ́ àjẹsára lẹ́nu ọ̀nà: ‘Bí ibà bá mú ọmọ mi, kò sí òògùn ní ọsibítù, àfi kí n rà á, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé èyí wá bá mi nílé lọ́fẹ̀ẹ́, léraléra, láìjẹ́ pé mo pè yín?’ Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó gbọ́ ọ nìkan ni ó lè dá a lóhùn.

Ní oṣù keje ọdún 2003, ṣáájú kí Kánò tó kọ òògùn náà, Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò àgbà, gun orí àga ààrẹ Rotary ní gbogbo àgbáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, ẹgbẹ́ Kánò gan-an ni ó sì ti wá. Ní ọdún tí ọmọ ẹgbẹ́ Kánò ń darí gbogbo Rotary, Kánò náà ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà kà sí pàtàkì jùlọ. A kò sọ èyí láti gan ọkùnrin náà, nítorí ọ̀ràn náà ju agbára ẹnì kan lọ. A sọ ọ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ lè mọ̀ pé bí orúkọ wa ti dún tó ní òkèèrè kò ní kí a gbọ́ ohùn wa ní àdúgbò.

Kí ni ó wá ṣí ìlẹ̀kùn náà? Ìròyìn arìnrìn-àjò wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ rán ikọ̀ kan, tí àwọn aṣáájú Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀, lọ sí Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Indonéṣíà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí a ti ń yẹ òògùn náà wò. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ìròyìn wọn lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kánò tún bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì kejì ọdún náà, òògùn tí a ṣe ní Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni ó gbà. Gómìnà Ibrahim Shekarau fa ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kí a kán an sí i lẹ́nu. Ohun tí ìwé àwọn amòye kò lè ṣe, ẹni tí ó lọ tí ó sì bọ̀, tí ó ń sọ èdè ilé, tí ó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ìdádúró náà kò ṣàìní gbèsè. Àrùn tí ó ti Nàìjíríà jáde gba Ṣáàdì àti Sùdáànì kọjá, ó dé Yẹ́mẹ̀nì, ó sì dé Indonéṣíà pàápàá ní ọdún 2005. Nínú ilé wa níhìn-ín, ó ju 1,100 ọmọ lọ tí ó rọ ní ọdún 2006 nìkan.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti yí padà. Ní ọdún 2009, àwọn ọba Àríwá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀ràn náà, Súlútáànì Sókótó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn òbí. Àwọn obìnrin àdúgbò ni ó ń wọ inú ilé, nítorí pé ọkùnrin àjèjì kò lè wọ ibi tí àwọn ìyàwó ilé wà. Wọ́n á kán òògùn, wọ́n á fi tàdáwà sàmì sí ìka ọmọ, wọ́n á fi ẹfun kọ àmì sí ara ògiri, wọ́n á sì kọjá sí ilé kejì. Kí àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ má ṣe gbàgbé pé ọdún 1989 ni Rotary tó gba obìnrin wọlé, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní ọdún 1987. Ẹni tí a kò fún ní àga nínú ìpàdé nígbà náà ni ó wá ru iṣẹ́ náà dé ibi tí ó dé. Àwọn mìíràn fi ẹ̀mí san án: ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn pa òṣìṣẹ́ àjẹsára tí kò dín ní 9 ní Kánò, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí a ti rò pé ó tán, a tún rí ọmọ 4 tí ó ní àrùn náà ní Bọ̀nọ́, níbi tí ogun kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ̀. Lẹ́yìn wọn, a kò rí irú rẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, àti ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé àrùn náà, irú èyí tí ó ti inú ayé wá fúnra rẹ̀, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jó kọjá ìlù. Òògùn ẹlẹ́kán náà ní kòkòrò àrùn tí a ti sọ di aláìlágbára nínú. Níbi tí a bá ti fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ láìfún wọn, kòkòrò yìí lè máa ti ara ọmọ kan dé ara òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tún lágbára láti rọ ọmọ. Ó ju 400 ọmọ lọ tí irú èyí mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2021, a sì tún rí i ní ọdún 2024. Kì í ṣe pé òògùn náà burú. Àwọn ọmọ tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni ó fún àrùn láàyè. Owó òkèèrè pẹ̀lú ti ń fà sẹ́yìn: ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò yọwọ́ kúrò nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní ọdún 2025 kan náà ni Rotary yan ọmọ Nàìjíríà kejì, Olayinka Babalola, láti ṣe ààrẹ rẹ̀ ní àgbáyé fún ọdún ẹgbẹ́ 2026 sí 2027. Ọlá ńlá ni fún orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n a ti ní irú ọlá yìí rí, a sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún náà.

Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn ẹgbẹ́, kì í ṣe Rotary nìkan, pé kí wọ́n fún ìròyìn ìrìn-àjò ní iṣẹ́ tí ó tọ́ sí i. Kí ọmọ ẹgbẹ́ Ìbàdàn tí ó bá lọ sí Kánò tàbí Màídúgùrì nítorí òwò tirẹ̀ yà sí ìpàdé wọn, kí ó tẹ̀lé àwọn obìnrin àjẹsára lọ sí ilé mélòó kan bí wọ́n bá gbà fún un, kí ó sì padà wá sọ ohun tí àwọn tí ó kọ̀ wí, láìbù mọ́ ọn, láìbù kúrò. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e, kí alága béèrè ohun tí a ti ṣe nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò. Ìrìn-àjò kò sì ní láti jìnnà púpọ̀: ilé tí ó kọ àjẹsára wà ní àdúgbò tiwa pẹ̀lú, nínú ìjọ wa, àti láàárín àwọn tí ó kàwé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà ọjà wa pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ìmọ̀, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ ní gbogbo ayé. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n dìde kúrò nídìí tábìlì, kí wọ́n lọ kan ìlẹ̀kùn, kí wọ́n sì ní sùúrù láti gbọ́ ohun tí ìyá ọmọ ní í sọ.