Orí ọmọ iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kí fáìlì oníṣòwò wà

Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú, nílùú Èkó, ló mọ ìṣòro yìí dunjú. Oníbàárà á dé lẹ́yìn ọdún méjì, á ní kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá òun tẹ̀ lọ́jọ́sí lòun tún fẹ́, kí wọ́n kàn bá òun pààrọ̀ ọdún àti fọ́tò pásítọ̀. Ọ̀gá á yíjú sí ọmọ tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ dé nìyẹn. Wọn á ṣí "New folder (7)", wọn á ṣí "Final", wọn á ṣí "Final 2" àti "Final gan-an", oníbàárà á máa wo aago. Nígbẹ̀yìn, wọn á tún dísáìnì náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì máa gbà fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Kì í ṣe àwọn atẹ̀wé nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Aránṣọ tó ní fọ́tò sítáì rẹpẹtẹ, alásè tó ń kọ iye owó ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ ṣèyàwó, ẹni tó ń kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, gbogbo wọn ni ìwé wọn ti kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tó sì jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ ibi tí nǹkan wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé bí àwọn bá ra kọ̀ǹpútà tuntun tó yára, ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí kò lórúkọ gidi lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní lórúkọ gidi lórí tuntun.

Ohun tí wọ́n nílò ti wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 2004 ni Google gbé Google Desktop jáde, èyí tó ń bá èèyàn wá fáìlì inú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kí wọ́n tó pa á tì lọ́dún 2011. Apple gbé Spotlight tiwọn jáde lọ́dún 2005, Microsoft náà sì ti irú rẹ̀ bọ inú Windows Vista tó dé ọjà lọ́dún 2007. Látìgbà yẹn ló ti ń bá Windows rìn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lé e lórí.

Iṣẹ́ tó ń ṣe dà bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá. Kì í dúró di ìgbà tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ka àwọn fáìlì sílẹ̀, ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó rí nínú wọn sínú atọ́ka tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń dáhùn kíákíá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá rí nìkan ló lè kọ. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ sínú Word, yóò kà á. Rìsíìtì tí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, tó sì gba orí WhatsApp wọlé pẹ̀lú orúkọ bíi IMG-20240315-WA0007, àwòrán lásán ni lójú Windows tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí iye owó àti orúkọ ẹni tó san án tilẹ̀ hàn gbangba nínú fọ́tò náà, kò sí nínú atọ́ka.

Ibẹ̀ gan-an ni táàgì ti wúlò. Àwọn alágbàfọ̀ mọ èyí ṣáájú àwọn oníkọ̀ǹpútà. Kò sí alágbàfọ̀ gidi tó ń gbára lé ìrántí láti mọ ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́wàá tó jọra. Àmì ló ń fi sí kọ́là. Táàgì náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n so mọ́ fáìlì kí wọ́n lè rí i padà. Lórí Windows, ẹni tó ń lo Word tàbí Excel lè tẹ F12 nígbà tó bá fẹ́ tọ́jú ìwé rẹ̀, yóò rí ibi tí wọ́n kọ Tags sí. Ti fọ́tò JPEG, bọ́tìnnì ọ̀tún lára máòsì ni wọ́n á tẹ̀ lórí rẹ̀, wọn á lọ sí Properties, kí wọ́n tó wọ Details. Bí wọ́n bá wá fẹ́ rí gbogbo ìwé gbèsè, wọn á kọ tags:gbese sínú àpótí ìwákiri. PDF àti PNG kì í gba táàgì lọ́nà yìí lórí Windows, fáìlì CorelDRAW táwọn atẹ̀wé ń lò sì nìyí lọ́tọ̀. Ti irú wọn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ orúkọ fáìlì gan-an, ìwákiri yóò rí i níbẹ̀.

Àwọn kan á ní fóldà ti tó. Fóldà dára, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni fáìlì ń gbé. Ìwé owó kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jẹ́ ti oníbàárà, ó jẹ́ ti ọdún 2024, ó jẹ́ ti gbèsè tó kù nílẹ̀, ó tún jẹ́ ti owó-orí. Fóldà wo ni kó wọ̀? Táàgì mẹ́rin á dúró lára rẹ̀ láìjà.

Owó ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Iléeṣẹ́ ńlá tó gbé iṣẹ́ fún oníṣòwò kékeré máa ń yọ owó-orí sílẹ̀ kó tó san ìyókù, ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n yọ ni oníṣòwò sì máa fi hàn kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀ mọ́ owó-orí tirẹ̀. Ẹni tí kò rí ìwé náà á san án lẹ́ẹ̀mejì. Òfin CAMA ti ọdún 2020 ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Àwọn òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 náà fún iléeṣẹ́ kéékèèké ní àǹfààní, àmọ́ àkọsílẹ̀ ohun tó ń wọlé ni wọ́n á fi mọ̀ pé kékeré ni iléeṣẹ́ ọ̀hún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni pé olúkúlùkù ń kọ táàgì tó wù ú. Ọmọ kan á kọ "gbese", èkejì á kọ "debt", ẹ̀kẹta á kọ "balance", ìwákiri ẹyọ kan kò sì ní kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yẹ kó yan ọ̀rọ̀ náà, kó má ju mẹ́wàá lọ, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tí kò dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ láìfàmì sí i, torí kíbọọ̀dù ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò rọrùn fún àmì ohùn. Bí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà bá lọ lọ́la, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn kò ní bá a lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Inú fáìlì Word ni táàgì rẹ̀ ń gbé. Ọ̀gá tó fi "onigbese-buruku" sára ìwé oníbàárà, tó wá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí oníbàárà ọ̀hún, ti bú u lójú ara rẹ̀ nìyẹn, torí ẹnikẹ́ni tó bá wo Properties lè kà á. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́ di PDF láti inú Word, ó lè bá a lọ. Kí èébú má ṣe wọ inú táàgì rárá.

Bákan náà, Documents, Pictures àti ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni Windows máa ń kà bí wọn kò bá sọ fún un pé kó ka ibòmíì. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sì fẹ́ràn láti pín in sí méjì, kí wọ́n ní kí ọ̀gá máa kó iṣẹ́ sí D. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ á ṣí Indexing Options, á tẹ Modify, á sì fi D kún un. Lórí láptọ́ọ̀pù, bí iná bá lọ tí bátìrì sì ń tán, Windows lè dá kíkà náà dúró, torí náà fáìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú lè má tíì hàn.

Ti fáìlì àtijọ́ tó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sídìí láti ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí rẹ̀. Èyí tó bá wọlé lónìí ni kí wọ́n fi táàgì sí, èyí tí oníbàárà bá sì béèrè nínú ti àtijọ́, kí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i.