Omi Ẹ̀rọ àti Omi Ẹ́ńjìnì: Èrò Kan lórí Ìpààrọ̀ Amómigbóná Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣẹ̀dá èdè-ìperí, ohun tí a máa ń bi ara wa léèrè jù lọ ni orúkọ tí a ó sọ ohun tí kò ní orúkọ lédè wa. Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà bèèrè: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀, nígbà tí a bá gbé e wọ inú ẹ̀rọ tuntun? Lójú tèmi, ewu tí ó wà nínú èkejì yìí ju ti èkíní lọ. Ọ̀rọ̀ tuntun a máa mú kí òǹkàwé dúró kí ó ronú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ a máa jẹ́ kí ó rò pé òun ti mọ̀.

Iṣẹ́ kan tí mo máa ń fún àwọn tí ń kọ́ ìtúmọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ìdànrè ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlànà bí a ti ń pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná nínú yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn kan ti bi mí pé kí ni ó kan ọmọ Ìdànrè, tí a bí sáàárín òkúta, nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti àwọn ará Ìlàjẹ jọ wà, iṣẹ́ sì lè gbé ọmọ wa dé èbúté Àpápá lọ́la. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn awakọ̀ tí ń kó kòkó gun òkè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní agbègbè wa, ti mọ ìdajì ohun tí ìwé náà ń sọ kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé omi ni ó ń ru ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì lọ sínú rédíétọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gba omi gbígbóná.

Amómigbóná inú ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà sí èyí. Ohun tí ó ń mú omi gbóná, orúkọ rẹ̀ kò le láti ṣẹ̀dá, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Àgbá kan ni, tí a ká páìpù kan sínú rẹ̀ bí ejò. Omi tí ó ti inú ẹ́ńjìnì jáde, tí gbígbóná rẹ̀ lè tó ìwọ̀n 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni yóò gba inú páìpù náà kọjá, yóò fi ooru rẹ̀ fún omi tí ó wà nínú àgbá, yóò sì padà sínú ẹ́ńjìnì. Omi méjèèjì kò gbọdọ̀ fi ara kan ara. Púpọ̀ nínú wọn tún ní irin amúgbóná tí ń lo iná mọ̀nàmọ́ná nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀.

Ibí yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ní Igbókòdá kò ní yàrá. Omi tí ọkọ̀ léfòó lé lórí náà ni ó ń fà wọlé láti fi tu ara rẹ̀ lára, tí ó sì ń dà síta. Omi kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńlá, omi mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀: èyí tí a fà wọlé láti inú ọ̀sà tàbí òkun, èyí tí ń yí po nínú ẹ́ńjìnì láìjáde, èyí tí àwọn inú ọkọ̀ fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tí wọ́n sì lè mu, àti èyí tí ó sun sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí a níláti gbọ́n dànù. Ìwé tí ó bá pe gbogbo wọn ní omi, tí kò sì fi kún un, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí mo rí nínú ìtúmọ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ ni pé, nítorí àtisá fún ọ̀rọ̀ àyálò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ omi ẹ̀rọ fún omi tí ń yí po nínú ẹ́ńjìnì. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù. Ẹ̀rọ ni ẹ́ńjìnì, omi inú rẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí omi ẹ̀rọ jẹ́ nílé Yorùbá? Omi tí a fi ife gbè lábẹ́ ẹ̀rọ ni, omi tí a là kọjá tí a sì ń fún ọmọ mu. Bẹ́ẹ̀ ni omi inú ẹ́ńjìnì sábà máa ń ní oògùn tí a pò mọ́ ọn kí irin má baà dípẹtà. Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ethylene glycol, ohun tí ó dùn lẹ́nu, tí ó sì jẹ́ májèlé tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìwé wá sọ fún atúnẹ̀rọ̀ṣe pé kí ó so rọ́bà omi ẹ̀rọ mọ́ ẹnu báyìí, kí ó so rọ́bà omi tútù mọ́ ẹnu kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ni yóò ṣì í ṣe. Ẹni tí kò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó yọ.

Nítorí náà ni mo ṣe dúró lórí i pé omi ẹ́ńjìnì ni kí a kọ, kí a má ṣe tijú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlejò mọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì àti awakọ̀. Ẹ̀rọ ti di apẹ̀rẹ̀ tí a ń kó ohun gbogbo sí, láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ títí dé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Kò ku àyè kan nínú rẹ̀. Fún àwọn yòókù, omi òde, omi ìlò àti omi àgbọ́nnù ni mo dá lábàá. (Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Omi ẹ́ńjìnì nìkan ni kò gbọ́ òwe yìí, nítorí ibi tí ó ti ṣàn lọ náà ni yóò máa ti padà wá.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rán mi létí ìlànà tí ó wà nínú Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Bí ẹnì kan bá ṣi fóníìmù pè ní sílébù, máàkì ìdánwò ni yóò sọnù. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ yóò bó.

Ẹ jẹ́ kí a wo fáàfù kékeré tí ó wà lára àgbá náà. Omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná. Lítà 40 omi tí ó wà ní ìwọ̀n 20, bí a bá mú un dé ìwọ̀n 80, yóò fi bíi lítà 1 lé sí i. Bí kò bá rí ọ̀nà gbà, àgbá lè bẹ́. Fáàfù yìí ni yóò yanu nígbà tí ipá inú àgbá bá ti pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè é ní ìdérí, èyí kò sì yẹ ní ohun tí à ń jiyàn lé. Ẹlòmíràn pè é ní fáàfù àbò. Òtítọ́ ni pé ó ń dáàbò boni, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá rí i tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀ yóò rò pé àbò ti bàjẹ́, yóò sì fi nǹkan dí i pa. Ẹnìkẹta pè é ní adínpákù. Èyí súnmọ́ ọn, àfi pé fáàfù mìíràn wà tí ń dín ipá omi kù kí ó tó wọ àgbá, òun gan-an ni orúkọ yìí sì tọ́ sí. Atúpásíta ni mo fara mọ́: ó ń tú ipá síta. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dí ẹnu rẹ̀.

Àwọn kan ní orúkọ tí ó ṣàlàyé ohun gbogbo ni ó dára jù. N kò gbà. Yàrá ẹ́ńjìnì há gádígádí. Ẹnì kan ni yóò dọ̀bálẹ̀ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú sípánà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kan òrùlé, tí apá rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ẹnì kejì yóò wà lókè, yóò máa na irin-iṣẹ́ sí i. Igbe ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Orúkọ tí ó bá ju mí-ìn kan lọ kò wúlò níbẹ̀. “Ti omi ìlò!” ni ẹni ìsàlẹ̀ lè pariwo, kì í ṣe ‘rọ́bà tí ń gbé omi tí a ń lò fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ’. Mo rò pé ó yẹ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá láti yàrá kan sí èkejì kí a tó kọ ọ́ sínú àtòjọ.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà fún olùtumọ̀. Kí a yọ iná, kí a dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, kí a fa omi àgbá gbẹ kí a tó gbé e, nítorí lítà 40 omi jẹ́ kìlógírámù 40. Kí a má sì tan iná sí irin amúgbóná kí omi tó kún inú àgbá, kí ó má baà jó. Èdè wa ti ní gbogbo ìwọ̀nyí. Nígbà tí a bá da omi ẹ́ńjìnì padà, afẹ́fẹ́ lè há sínú páìpù, pàápàá bí àgbá bá ga ju ẹ́ńjìnì lọ, omi kò sì ní lè yí. “Afẹ́fẹ́ há” ti tó. N kò rí ìdí tí a fi níláti wá orúkọ mìíràn fún un.

Ibi tí èdè wa ti ṣe wá lóore jù ni ìgbà tí a bá ń yẹ iṣẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná. Omi lè sun, ó lè kán, ó lè jò. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ jò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọrọ̀ sílẹ̀ nílẹ̀. Bí atúpásíta bá ń kán nígbà tí omi ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí oríkèé rọ́bà bá ń sun, kí a tún un dè. Bí ó bá ń jò, kí a pa ẹ́ńjìnì.